Nígbà tí Àrùn Kòrónà Ti Pápá Pa ní Ireland

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 2020, Leo Varadkar, olórí ìjọba Ireland, wà ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà nígbà tó kéde pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ di títì pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nítorí àrùn kòrónà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àjọ GAA, tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ìbílẹ̀ àwọn ará Ireland, dá gbogbo eré àti ìgbáradì dúró. Òfin náà mú àgbà tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ rẹ̀, ó sì mú ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní títí di ọjọ́ 29 oṣù náà ni. Ọjọ́ 29 dé, ó kọjá. Oṣù Kẹrin kọjá, oṣù Karùn-ún náà kọjá, kò sí ẹni tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé eré wọn díẹ̀, nítorí bí a bá ti dárúkọ bọ́ọ̀lù fún púpọ̀ nínú wa, Arsenal àti Chelsea ni ọkàn wa ń lọ. Eré méjì ló gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan ni bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá. Èkejì ni hurling, tí wọ́n ń fi ọ̀pá igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan. Ènìyàn 15 ló máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù tó bá wọ inú àwọ̀n jẹ́ góòlù, ó sì jẹ́ àmì mẹ́ta. Ní ọdún 2020, èyí tó bá gba òkè igi kọjá jẹ́ àmì kan. Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1884 ni wọ́n dá àjọ GAA sílẹ̀ ní ìlú Thurles, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Ireland, kí eré àwọn baba ńlá wọn má baà parun. Ẹgbẹ́ àdúgbò ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ó sì lé ní 2,000 irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wà. Ọmọ àdúgbò ló ń gbá fún àdúgbò rẹ̀, àwọn tó bá sì mọ̀ ọ́n gbá jù ni wọ́n ń mú lọ ṣojú ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 32 ló wà ní gbogbo erékùṣù náà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ẹni tí wọ́n ń san owó oṣù fún. Agbábọ́ọ̀lù tí 82,000 ènìyàn pariwo orúkọ rẹ̀ ní pápá Croke Park ní Dublin lọ́jọ́ Àìkú yóò dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀ Ajé. Ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ àgbẹ̀ tó ń fún wàrà màlúù. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tí àrùn kòrónà ṣe sí eré yìí yàtọ̀ sí ohun tó ṣe sí bọ́ọ̀lù olówó. Kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ẹni tí wọn kò sanwó fún pé kó wá ṣeré. Nígbà tí ọjọ́ sì kúrú, tí pápá kò tó gbogbo ènìyàn, ìbéèrè kan jáde tí wọ́n ti ń sá fún tipẹ́: ta ni kó kọ́kọ́ ṣeré, ẹgbẹ́ àdúgbò ni àbí ìpínlẹ̀?

Àrùn ti da eré yìí rú rí o. Àjàkálẹ̀ inflúẹ́ńsà ọdún 1918, èyí tó dé Èkó náà lọ́dún yẹn, pa ènìyàn tó lé ní 20,000 ní Ireland. Ìdíje àṣekágbá ọdún 1918 kò lè wáyé àfi ní 1919. Oṣù Kìíní ni Limerick tó gba ife-ẹ̀yẹ hurling, oṣù Kejì sì ni Wexford fi àmì kan ṣoṣo borí Tipperary nínú bọ́ọ̀lù. Ní 1956, àrùn rọpárọsẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní Cork mú kí wọ́n sún àṣekágbá méjèèjì síwájú, títí ti bọ́ọ̀lù fi wọ oṣù Kẹwàá.

Ti 1941 ló pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo rẹ̀. Àrùn màlúù ni lọ́dún yẹn, èyí tó máa ń mú ẹran ní ẹnu àti pátákò. Nítorí pé àwọn àgbẹ̀ ló pọ̀ láàárín àwọn òṣèré àti òǹwòran, wọ́n ní kí Tipperary àti Kilkenny jókòó sílé kí wọ́n má baà gbé àrùn náà káàkiri. Cork ṣojú ẹkùn Munster, Dublin ṣojú ẹkùn Leinster, Cork sì gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Ireland. Nígbà tí àrùn rọlẹ̀, wọ́n wá gbá àṣekágbá Munster tó ti yẹ kó ṣáájú. Tipperary na Cork! Báyìí ni Cork ṣe di ọ̀gá gbogbo Ireland lọ́dún tí kò lè jẹ́ ọ̀gá ní ẹkùn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ti gbogbo pápá pa bíi ti 2020. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ni òfin kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ na ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà méjì sí ilé rẹ̀. Wọ́n sọ Croke Park di ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wa mọ́tò wọlé wá ṣe àyẹ̀wò kòrónà. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tí kò rí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn arúgbó tí kò lè jáde. Ènìyàn mẹ́wàá péré ni òfin gbà láàyè níbi ìsìnkú, nítorí náà bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú, àwọn yòókù á wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọn á tò sí ẹ̀gbẹ́ títì ní jíjìnnà síra wọn, wọn á máa wo ọkọ̀ òkú bó ṣe ń kọjá. Àwa Yorùbá tí a mọ bí ìnáwó òkú ṣe ń rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọmọ àǹtí mi kan tó ń gbé ní Dublin wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àdúgbò wọn nígbà náà. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé ògiri ẹ̀yìn ilé wọn ni òun ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lójoojúmọ́, títí aládùúgbò wọn fi wá bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun sùn.

Nígbà tí àrùn rọlẹ̀ díẹ̀ lóṣù Kẹfà, àjọ GAA ní láti yan ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣeré. Kí kòrónà tó dé, ìpínlẹ̀ ló máa ń gba ìgbà tó dára jù nínú ọdún. Ẹgbẹ́ àdúgbò kì í mọ ọjọ́ tí eré rẹ̀ yóò bọ́ sí, nítorí bí ìpínlẹ̀ bá ṣì wà nínú ìdíje, wọn á sún ti àdúgbò síwájú. Agbábọ́ọ̀lù àdúgbò kò lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìrìn àjò. Lọ́dún 2020, wọ́n yí i padà. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 17 oṣù Keje, kí ìpínlẹ̀ dúró di oṣù Kẹwàá. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù wà nílé, wọ́n ń gbáradì pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 31 oṣù náà tó jẹ́ ọjọ́ Iléyá, àwọn Mùsùlùmí bíi 200 kírun lórí koríko Croke Park, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má wo eré mọ́, títí kan òbí. Inú bí àjọ GAA, wọ́n ní kí olórí àwọn dókítà ìjọba wá fi ẹ̀rí hàn wọ́n pé ibi eré ni àrùn ti ń ràn. Lójú tèmi, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, nítorí ojú pápá gbòòrò, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, àjọ náà fúnra rẹ̀ ló dá gbogbo eré àdúgbò dúró. Kì í ṣe eré ló fa á. Àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn ló dì mọ́ra, tí wọ́n ń jó kiri ìgboro láìlo ìbòmú. Àwọn ẹgbẹ́ tó ku àṣekágbá kan ṣoṣo fún ní láti dúró di ọdún 2021.

Nígbà tí ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òfin ti tún le. Síbẹ̀, ìjọba gbà kí wọ́n ṣeré láìsí òǹwòran, wọ́n ní eré àwọn ọ̀jẹ̀ ni. Àwọn ọ̀jẹ̀ tí kò gba kọ́bọ̀! Wọn á ṣiṣẹ́ òòjọ́ wọn tán, wọn á wá lọ sáré nínú òtútù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Sligo kò tilẹ̀ rí eré wọn pẹ̀lú Galway gbá nítorí pé àrùn wọ inú ẹgbẹ́ wọn. Àyè kò sí láti sún ọjọ́ síwájú, ni wọ́n bá fi eré náà sílẹ̀ fún Galway.

Nítorí pé àyè kò sí yìí náà ni ìdíje bọ́ọ̀lù fi di ẹni bá fìdí rẹmi kó máa lọ ilé. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ṣe ohun àrà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1920, àwọn ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn nínú Croke Park nígbà tí Dublin àti Tipperary ń gbá bọ́ọ̀lù. Ènìyàn 14 ló kú, Michael Hogan tó ń gbá fún Tipperary sì wà lára wọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn náà, wọ́n tan iná ìrántí 14 nínú pápá tó ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, Tipperary wọ aṣọ irú ti 1920, wọ́n na Cork, wọ́n sì gba ife Munster tí wọn kò fojú kàn láti 1935. Cavan náà borí Donegal lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wá wo ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù: Dublin, Mayo, Cavan àti Tipperary. Àwọn mẹ́rin yẹn gan-an ló kù nínú ìdíje 1920.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣe àṣekágbá. Limerick fi àmì 30 sí 19 na Waterford nínú hurling. Lọ́jọ́ 19, Dean Rock gbá góòlù wọlé fún Dublin kí ìṣẹ́jú kan tó pé, Dublin sì na Mayo láti gba ife náà lẹ́ẹ̀kẹfà léraléra. Àga tó lé ní 82,000 ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣófo.

Ọdún 2021 tilẹ̀ tún le sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba kò ka eré GAA mọ́ eré ọ̀jẹ̀ mọ́, wọ́n sì fòfin de ìgbáradì. Ìwé ìròyìn kan gbé àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù Dublin jáde níbi tí wọ́n ti ń gbáradì láàárọ̀ kùtù ní òpin oṣù Kẹta, wọ́n sì fi ìyà ọ̀sẹ̀ 12 jẹ olùkọ́ wọn. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ni ìpínlẹ̀ tó padà sí pápá, àwọn ọmọdé tẹ̀lé wọn lọ́sẹ̀ kejì. Ti àwọn ọ̀dọ́ irú tèmi ló dùn mí jù: àṣekágbá bọ́ọ̀lù ọdún 2020 fún àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, oṣù Keje 2021 ni Derry àti Kerry tó gbá a. Ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà kọjá ìdíje tí wọ́n ń parí.

Lóṣù Kẹjọ, àrùn wọ ẹgbẹ́ Tyrone kí wọ́n tó pàdé Kerry. Wọ́n ní bí wọn kò bá sún ọjọ́ síwájú sí i, àwọn kò ní wá. Kerry gbà, wọ́n sún un, Tyrone wá fi àmì kan borí wọn, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án. Inú mi dùn sí ọkàn rere tí Kerry fi hàn. Ṣùgbọ́n mo rántí Sligo. Ẹni kankan kò dúró dè wọ́n lọ́dún tó ṣáájú.

Ohun tí àrùn náà fi sílẹ̀ kò bá a lọ. Ìpàdé gbogbogbòò àjọ GAA ti oṣù Kejì 2021, tí wọ́n ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pín ọdún sí méjì: ìpínlẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ tán, ẹgbẹ́ àdúgbò á wá gba ìyókù, kò sì ní sí ẹni tó máa sún ọjọ́ wọn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé 2020 ni wọ́n ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Láti 2022, oṣù Keje ni àṣekágbá ìpínlẹ̀ ń wáyé. Àwọn kan ń ráhùn títí di òní pé oṣù Kẹsàn-án láìsí àṣekágbá ní Croke Park dà bí ọdún láìsí ìlù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù àdúgbò kò bá wọn dá sí i, nítorí oṣù Kẹsàn-án ti di tiwọn, wọ́n sì ti mọ ọjọ́ tí wọ́n lè fi ìgbéyàwó sí.