Oògùn ibà àti ẹnu ọmọ kékeré

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kò mọ̀ pé ibà lè pa òun. Ohun tí ó mọ̀ ni pé nǹkan tí ìyá òun gbé wá korò. Nítorí náà, yóò pa ẹnu dé, yóò yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sunkún, yóò sì tu oògùn náà sí ìyá rẹ̀ lára. Ní Àjàṣẹ́ níbí, agbo ilé wo ni a kò ti rí irú ìjà yìí rí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ inú ilé lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìjà yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì gùn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, ti Amẹ́ríkà àti ti Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa náà wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

Kí ló dé tí ọmọ fi ń kọ oògùn?

Ọ̀pọ̀ májèlé tí ó wà nínú ewé àti gbòǹgbò ni ó korò. Láti ìgbà tí a bá ti bí ènìyàn ni ẹnu rẹ̀ ti ń kọ ohun kíkorò, tí ó sì ń fẹ́ ohun dídùn. Ọmú ìyá dùn, ọmọ a gbà á. Ẹnu ọmọ kékeré tún máa ń mọ ìkorò ju ẹnu àgbà lọ.

Nítorí náà, ọmọ tí ó tu oògùn kì í ṣe olórí kunkun. Ẹnu rẹ̀ ń ṣọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu kò lè fi ìyàtọ̀ sí májèlé kíkorò àti oògùn kíkorò. Iṣẹ́ àgbà ni èyí.

Ìgbà àgbo

Kí oògùn Òyìnbó tó dé, àgbo ni àwọn ìyá wa ń sè. Wọ́n ń fi wẹ ọmọ, wọ́n sì ń fún un mu. Bí ọmọ bá kọ̀, ìyá a jókòó sórí àpótí, a tẹ́ ọmọ sí orí itan, a fi ọwọ́ kan ṣe bí ife sí ẹnu rẹ̀, a sì da àgbo sí i. Nígbà tí ọmọ bá ya ẹnu láti mí tàbí láti sunkún, àgbo wọlé. Èyí ni a ń pè ní rírọ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìyá ń rọ ọmọ ní ẹ̀kọ.

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n rọ, tí a sì dàgbà. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí wà nítòsí ara wọn nínú ọ̀fun. Ọmọ tí ń sunkún lè fa omi lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè fún un pa, ó sì lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣàìsàn.

Èyí tí ó burú jù ni ti ọmọ tí gìrì mú. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Ìbàdàn kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n ti rọ wọ́n ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Gìrì ni àwọn òbí wọn fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n àgbo náà ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù, ọmọ a sì dákú. Àwọn mìíràn kú. Kì í ṣe pé àwọn òbí náà kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é.

Ìgbà kinini

Ní ọdún 1820, àwọn onímọ̀ oògùn méjì ní Paris, Pelletier àti Caventou, yọ kinini jáde láti inú èèpo igi kan tí ó ń hù ní orí òkè ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Pleiad gba odò Ọya lọ. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà nínú ọkọ̀ náà. Ṣáájú ìgbà náà, ibà a máa pa àwọn Òyìnbó tí wọ́n bá gba ọ̀nà yẹn bí ẹni pa eṣinṣin. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń mu kinini, Òyìnbó kankan kò sì kú nínú ìrìn àjò náà.

Oògùn ńlá ni kinini. Ṣùgbọ́n ó korò gan-an. Ìkorò rẹ̀ di òwe. Igi kan wà tí a gbìn káàkiri ìlú wa, tí ewé rẹ̀ korò, tí a ń sè fún ibà. Ní Nàìjíríà wọ́n ń pè é ní dongoyárò. Lọ́dọ̀ àwọn Fọ̀n, igi kinini ni orúkọ rẹ̀.

Àgbà lè di ojú kí ó gbé kinini mì. Ọmọ ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń ta oògùn, tí ń jẹ́ Grove, ro ọ̀rọ̀ yìí. Ó po kinini mọ́ omi ṣúgà àti òórùn ọsàn wẹ́wẹ́, kí ìkorò rẹ̀ lè fara pamọ́. Ó ya àwòrán ọmọ tí ó sanra sí ara ìpolówó rẹ̀. Oògùn náà tà rẹpẹtẹ. Àwọn ìyá ti ń wá irú rẹ̀ tipẹ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà. Wọ́n ní, bí ọmọ bá ń tu oògùn, kí a fún un ní abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kinini ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kò dá rárá là. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gún bá gún un sí ìdí ọmọ, ó lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ wà tí ibà sàn fún, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń tiro láti ọjọ́ náà.

Ìgbà Nivaquine

Ní ọdún 1934, àwọn ará Jámánì ṣe oògùn mìíràn tí ń jẹ́ chloroquine. Ní ilẹ̀ tí Faransé ti ṣe ìjọba, Nivaquine ni a mọ̀ ọ́n sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí kò mọ Nivaquine. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń wo ibà. Ṣùgbọ́n òun náà korò. Ìyá a dá hóró sí méjì, a lọ̀ ọ́, a po ó mọ́ ẹ̀kọ tàbí ṣúgà. Ọmọ a mu díẹ̀, a tu díẹ̀. Ta ni ó lè sọ iye tí ó wọ inú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ pàtàkì nìyí. Oògùn tí kò pé ìwọ̀n kì í pa gbogbo kòkòrò ibà. Èyí tí ó lágbára nínú wọn a ṣẹ́kù, a sì máa bí sí i. Láti àwọn ọdún 1980 ni agbára Nivaquine ti ń dín kù ní apá ibi tiwa. Kì í ṣe àwọn ọmọ tí ń tu oògùn nìkan ni ó fà á. Àwọn àgbà tí wọ́n ń mu hóró kan péré nígbà tí orí bá fọ́ wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2004, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pinnu pé a kò ní fi Nivaquine wo ibà mọ́, pé oògùn tuntun ni a ó máa lò.

Oògùn tí ó yọ́ nínú omi

Láti Ṣáínà ni oògùn tuntun náà ti wá. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Tu Youyou ka àwọn ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ó rí ewé kan níbẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi ń wo ibà, ó sì yọ agbára rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. A po oògùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn, ó di ọ̀kan lára àwọn oògùn tí a fi ń wo ibà lónìí. Coartem ni a mọ ọ̀kan nínú wọn sí.

Ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe hóró rẹ̀. Ó korò. Àwọn ìyá tún padà sí ìdí ọlọ lílọ̀ àti ìjà.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn onímọ̀ ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́: wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè. Ní Tanzania, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní oògùn tí ó ní adùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti tọ́ wò. Adùn èso cerise ni wọ́n mú. Wọ́n wá ṣe hóró kan tí a kò ní lọ̀, tí yóò yọ́ fúnra rẹ̀ nínú omi díẹ̀.

Ṣé yóò wo ibà bí ti àkọ́kọ́? Ní ọdún 2006 sí 2007, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ 899 tí ibà mú ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Bẹ̀nẹ̀, Kenya, Mali, Mozambique àti Tanzania. Wọ́n fún apá kan ní oògùn dídùn tí ó ń yọ́, wọ́n fún apá kejì ní hóró àtijọ́ tí a lọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọjọ́ 28, nínú ọmọ 100 ní apá kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 98 tí ara wọn dá. Ìyẹn ni pé agbára méjèèjì dọ́gba. Adùn kò dín agbára oògùn kù, kò sì fi kún un. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú ìjà kúrò láàárín ìyá àti ọmọ. Ní ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pín in káàkiri. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn aláṣẹ oògùn ní Switzerland tún fọwọ́ sí èyí tí a ṣe fún ìkókó tí kò tíì tó kílò márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí á rántí àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n wà nínú ìdánwò yẹn. Wọ́n ti di ọ̀dọ́ báyìí. Nítorí tiwọn ni ọmọ mìíràn ṣe ń mu oògùn láìsí ẹkún.

Dídùn tí ó ń pani

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun dídùn ni ó dára. Ní ọdún 1937, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan ṣe oògùn olómi dídùn. Omi kan tí ń jẹ́ diethylene glycol ni wọ́n fi po ó. Omi náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé ni, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ènìyàn tí ó lé ní 100 kú, ọmọdé wà nínú wọn.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1990, ó sì tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 2008 sí 2009, nígbà tí oògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ tí ó lé ní 80. Ní ọdún 2022, oògùn ikọ́ olómi pa ọmọ tí ó lé ní 60 ní Gambia. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò rọ ọmọ wọn. Oògùn náà dùn, àwọn ọmọ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra oògùn ọmọ lórí àtẹ ní ọjà. Ní ọdún 2017, ìjọba wa kọlu ọjà oògùn Adjégounlè ní Dantokpa, ní Kútọnu, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ilé oògùn tàbí ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Bí a ti lè fẹ̀sọ̀ mú ọ̀rọ̀ oògùn ọmọ nìyí:

Ẹ bi olùtọ́jú aláìsàn bóyá irú oògùn tí ó ń yọ́ nínú omi wà. Ẹ jẹ́ kí ó wọn ọmọ, nítorí ìwọ̀n kílò ọmọ ni a fi ń mọ iye oògùn.

Ẹ gbé ọmọ jókòó, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ má ṣe di imú rẹ̀. Bàbá lè gbé e lẹ́sẹ̀ kí ìyá fún un ní oògùn. Ẹ máa dá a sí i ní ẹnu díẹ̀díẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó gbé e mì kí ẹ tó fi kún un.

Omi díẹ̀ ni kí ẹ fi yọ́ oògùn. Ẹ má ṣe po ó mọ́ àwo ẹ̀kọ ńlá, nítorí bí ọmọ bá fi ìdajì sílẹ̀, ìdajì oògùn ni ó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn oògùn Coartem, ẹ fún un ní ọmú tàbí oúnjẹ, kí oògùn lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe fi oyin sí i fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Bí ó bá bì í láìpẹ́, ẹ padà lọ sọ fún olùtọ́jú. Bí ara bá fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe dúró. Ọjọ́ mẹ́ta ni, àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, iye yìí wà lára páálí oògùn. Ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí oògùn náà yóò bàjẹ́.

Bí gìrì bá mú ọmọ, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ẹ má sì ṣe pe oògùn ní bọ́nbọ́n nítorí kí ọmọ lè mu ún. Yóò wá a lọ́jọ́ tí ẹ kò sí nílé. Òwe wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Orí pẹpẹ náà ni kí ẹ gbé oògùn sí.