Ọkọ̀ Apanirun ní Etíkun Monrovia: Orúkọ, Agbára àti Ààlà Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá pe ọkọ̀ ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní destroyer ní láti kọ́kọ́ wo ilé tí a bí i sí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò pè é ní "ọkọ̀ apanirun". Ìtumọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀: kí ni ọkọ̀ yìí ń pa run? Nínú àròkọ yìí, a ó tọpa ìtàn ọkọ̀ náà, a ó sọ ohun tí ó lè ṣe, a ó sì fi ìlú Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, wọn agbára rẹ̀ wò. Èrò wa ni pé agbára ọkọ̀ apanirun mọ síbi irú ọ̀tá tí a tìtorí rẹ̀ kàn án.

Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń sáré, tí ń ju tọpídò, ìyẹn ohun ìjà abúgbàù tí ń gba inú omi lọ bá ọkọ̀ ńlá. Jìnnìjìnnì mú àwọn tí wọ́n ní ọkọ̀ ńlá. Ní ọdún 1893, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ HMS Havock sójú omi láti máa lé àwọn ọkọ̀ tọpídò wọ̀nyí. "Apa-ọkọ̀-tọpídò-run" ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní kíkún. Nígbà tí ó yá, ẹnu gé orúkọ náà kúrú, ó wá ku "apanirun" nìkan. Nítorí náà, ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni orúkọ náà ní lọ́kàn, kì í ṣe ìlú, kì í sì í ṣe ènìyàn. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni a bí i fún. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, iṣẹ́ mìíràn kún un: ó di ọdẹ tí ń dọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi.

Nínú ogun yẹn gan-an ni Monrovia rí ọ̀tá tí ọkọ̀ apanirun lè bá jà. Làìbéríà ti kéde ogun sí Jámánì ní oṣù kẹjọ ọdún 1917. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1918, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kan, U-154, yọ lójú òkun níwájú ìlú náà. Ó ní kí ìjọba Ààrẹ Daniel E. Howard mú ilé-iṣẹ́ tí àwọn Faransé fi ń ránṣẹ́ láìlo wáyà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí kò rí ohun tí ó ń fẹ́, ó yin àgbá sí ìlú, ó ba ilé-iṣẹ́ náà jẹ́, àwọn ènìyàn sì kú. Ó tún ri President Howard, ọkọ̀ ìjọba Làìbéríà, sínú omi. Kò sí ọkọ̀ apanirun kankan nítòsí. Ọkọ̀ èrò àti ẹrù kan tí ń jẹ́ Burutu, tí ó ń kọjá lọ, ni ó bá a yìnbọn fúnra wọn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, mísáìlì gba ipò iwájú lọ́wọ́ àgbá. Mísáìlì tí a ń darí yàtọ̀ sí ọta ìbọn: bí ọta bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn, ó parí, ṣùgbọ́n mísáìlì lè yí ọ̀nà padà lójú òfurufú láti máa lépa ohun tí ń sá. Ní oṣù kejìlá ọdún 1956, Amẹ́ríkà gbé USS Gyatt jáde, ọkọ̀ apanirun àkọ́kọ́ tí ó ń lo mísáìlì bẹ́ẹ̀. Ọdún 1967 ni ayé rí i pé ohun ìjà yìí kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé: àwọn ọkọ̀ kéékèèké ti Íjíbítì ju mísáìlì láti èbúté Port Said, wọ́n sì ri Eilat, ọkọ̀ apanirun Ísírẹ́lì. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ apanirun ní láti lè já mísáìlì ọ̀tá lulẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àpẹẹrẹ èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni USS Arleigh Burke, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1991. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 154. Rédà rẹ̀ ní ojú mẹ́rin, ó ń wo gbogbo àyíká lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò 90 ni a gbẹ́ sínú rẹ̀ fún mísáìlì. Òmíràn wà fún ọkọ̀ òfurufú, òmíràn fún ọkọ̀ abẹ́ omi, òmíràn sì lè lọ ju 1,000 kìlómítà lọ bá ibùdó orí ilẹ̀.

Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni ọkọ̀ apanirun Amẹ́ríkà dúró sí iwájú Monrovia. Ogun abẹ́lé ti dé ẹnu ọ̀nà ìlú. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1990, USS Peterson dé pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ akó-ọmọ-ogun mẹ́ta: Saipan, Ponce àti Sumter. Ìjọba Amẹ́ríkà kò ka Peterson mọ́ àwọn apanirun onímísáìlì nínú ìwé wọn, bí ó tilẹ̀ ní mísáìlì. Ọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi ni a kàn án fún. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 172, ó ní àgbá ńlá méjì, ó sì ní ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró nísàlẹ̀ omi. Ọ̀tá tí ó yẹ ẹ́ ti wá ní 1918, ó sì ti lọ. Ní 1990, àwọn tí ń pa ènìyàn ní Monrovia ń fi ẹsẹ̀ rìn láàárín àdúgbò, ìbọn ìléwọ́ àti àdá ni wọ́n mú dání.

Ní òru ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, àwọn ọmọ ogun Ààrẹ Samuel Doe wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's Lutheran ní Sinkor, wọ́n sì pa nǹkan bí 600 ènìyàn tí wọ́n sá pamọ́ síbẹ̀. Etí òkun kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Òótọ́ ni pé ìpinnu òṣèlú ni ó kọ́kọ́ so ọwọ́ àwọn ọkọ̀ náà: ìjọba Amẹ́ríkà kò fẹ́ dá sí ogun náà. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n fẹ́ pàápàá, àgbá wo ni a ó yìn sí inú ṣọ́ọ̀ṣì tí ó kún fún obìnrin àti ọmọdé? Ohun ìjà tí ó mọ ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá yàtọ̀ sí ẹyẹ kò mọ apani yàtọ̀ sí ẹni tí a fẹ́ pa.

Ohun tí ó gba ẹ̀mí là rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ, hẹlikópítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ènìyàn kúrò. Kí iṣẹ́ náà tó parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1991, wọ́n ti gbé ju 2,400 lọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ kan náà, àwọn ọmọ ogun ECOMOG láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gúnlẹ̀ sí èbúté Freeport. NNS Ambe ti Nàìjíríà, ọkọ̀ akó-ọmọ-ogun, wà lára àwọn ọkọ̀ wọn. Ní 1996, nígbà tí ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú, ọkọ̀ apanirun USS Conolly wà lára àwọn tí Amẹ́ríkà rán wá. Síbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù Nàìjíríà kan, Bulk Challenge, tí kò ní mísáìlì kankan, ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú rọ́ wọ̀ ní oṣù karùn-ún. Èbúté kan ń lé wọn sí òmíràn, títí Gáná fi jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ní Takoradi.

Ní àkótán, kí olùkọ́ má ṣe kọ "apanirun" sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ̀ ni ó ń pa run, kí ọkọ̀ mìíràn lè rọ́nà lọ. Bí a bá gbàgbé èyí, a ó rò pé ẹni tí ó bá ní agbára láti pa run ní agbára láti gbà là pẹ̀lú. Àwọn ará Monrovia tí wọ́n dúró sí etíkun ní 1990, tí wọ́n ń wo ọkọ̀ ńlá ní ọ̀kánkán, mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún.