Ta Ló Ni Ẹnu Olórin?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orin àwọn ará àríwá Mẹ́síkò, ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Ẹnì kan ń fa àkọ́díọ̀nù, ó ń kì í padà, gìtá ńlá olókùn méjìlá ń dá a lóhùn nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì sì gbé ohùn lé ara wọn bí ẹni tó wà níbi ìgbéyàwó. Mo ti ń mi orí, mo ti ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí àga, kí ẹni tó gbọ́ èdè Sípéènì tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ gbà mí o! Ìtàn ikú ni wọ́n ń sọ nínú orin náà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan kó igbó sínú táyà mọ́tò, wọ́n gbé e kọjá ibodè, wọ́n tà á, wọ́n gbowó. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n pín owó kí oníkálukú máa lọ, nítorí òun ní olólùfẹ́ níbòmíràn. Obìnrin náà fa ìbọn yọ, ó yìn ín. Ó tán. Olórin kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín, bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ló ń kà á, àkọ́díọ̀nù sì ń bá ijó tirẹ̀ lọ.

Corrido ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Orin ìtàn ni. Ó máa ń dárúkọ ènìyàn, ó máa ń dárúkọ ìlú, ó sì máa ń sọ bí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, bí ẹlẹ́rìí tó dúró ní kóòtù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí rẹ̀, ohun tí mo sì rí kọjá ọ̀rọ̀ ijó. Níbi gbogbo tí olórin bá wà, tí olówó sì wà, ìbéèrè kan kò níí ṣàìdìde: ta ló ni ẹnu olórin? Ṣé ẹni tí kò ní agbẹnusọ ni, àbí ẹni tó lówó lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Láàrin 1846 sí 1848, Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò bá ara wọn jagun. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní Guadalupe Hidalgo ní oṣù kejì 1848, Mẹ́síkò ti pàdánù bí ìdajì ilẹ̀ rẹ̀, tí a bá ka Texas tó ti bọ́ lọ tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Odò Rio Grande di ààlà. Ọ̀pọ̀ ará Mẹ́síkò kò kúrò nínú ilé bàbá wọn, síbẹ̀ wọ́n jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ara wọn ní ìlú onílùú. Òwe kan wà lẹ́nu wọn títí dòní: àwọn kọ́ ló kọjá ààlà, ààlà ló kọjá lórí àwọn.

Ní Texas yìí, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1901, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè Karnes lọ bá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Gregorio Cortez nílé rẹ̀, nítorí ẹṣin tí wọ́n jí. Ògbufọ̀ kan tẹ̀ lé e. Wọ́n bi Cortez léèrè bóyá ó ti gba ẹṣin lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó ní rárá. Òtítọ́ ló sì sọ, nítorí abo ẹṣin ló gbà, èdè Sípéènì sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún akọ, ọ̀tọ̀ fún abo. Ògbufọ̀ kò mọ ìyàtọ̀. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa. Àgbọ́ìgbọ́tán bá dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá yìnbọn lu Romaldo, arákùnrin Cortez, Cortez náà yìnbọn lu ọ̀gá ọlọ́pàá, ó sì kú.

Cortez mọ̀ pé bí òun bá dúró, wọn ò níí dé kóòtù kí wọ́n tó so òun rọ̀ sórí igi. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Fún ọjọ́ mẹ́wàá ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn fi lé e, pẹ̀lú ẹṣin, pẹ̀lú ajá, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀gá ọlọ́pàá mìíràn tún kú nínú ìlépa náà. Ó rìn, ó gẹṣin, ó lé ní 500 máìlì kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ nítòsí Laredo, kò sì ju ìrìn díẹ̀ lọ mọ́ kó dé ibodè.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Texas, ọlọ́ṣà apààyàn ni Cortez. Ṣùgbọ́n àwọn ará Mẹ́síkò tí kò ní ìwé ìròyìn tó lágbára ní gìtá. Wọ́n kọ ọ́ lórin pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló di ìbọn rẹ̀ mú tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ rẹ̀. Orin náà bù mọ́ ọn níbì kan, ó yọ kúrò níbì kan, orin kì í ṣe àkọsílẹ̀ kóòtù. Ṣùgbọ́n kóòtù fúnra rẹ̀ padà wá wọ́gi lé ẹ̀bi tí wọ́n kọ́kọ́ dá a lórí ikú ọ̀gá ọlọ́pàá Karnes. Ikú èkejì ni wọ́n fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére, gómìnà sì dárí jì í ní 1913. Ó kú ní 1916. Ní 1958, Américo Paredes, olùkọ́ ní yunifásítì Texas, fi odindi ìwé kan wádìí ìtàn náà àti orin náà. Bẹ́ẹ̀ ni orin táwọn gbajúmọ̀ ń pè ní orin ilé ọtí ṣe wọ ilé ìwé gíga.

Nígbà tí ìjà ọ̀tẹ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Mẹ́síkò ní 1910, corrido di ìròyìn ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ jagunjagun kò mọ ìwé kà. Olórin ọjà ló ń sọ fún wọn ibi tí Pancho Villa ti ṣẹ́gun àti ibi tí Zapata kú sí. Àwọn òǹtẹ̀wé bí Antonio Vanegas Arroyo a sì máa tẹ orin sórí ewé ìwé kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwòrán tí José Guadalupe Posada gbẹ́, wọn a tà á ní owó kékeré.

Àkọ́díọ̀nù ńkọ́? Irinṣẹ́ kan náà tí I. K. Dairo gbé kọ́rùn nídìí jùjú ni. Àwọn ará Jámánì àti àwọn ará Czech tó wá dó sí Texas ló gbé e wá pẹ̀lú ijó pọ́líkà wọn. Àwọn alágbàṣe oko gbọ́ ọ lẹ́yìn ọgbà, wọ́n gbà á, wọ́n sì fi gìtá olókùn méjìlá, tí wọ́n ń pè ní bajo sexto, tì í lẹ́yìn. Láàrin àwọn ọdún 1930, Narciso Martínez bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe àwo orin ní Texas. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, Los Alegres de Terán, àwọn ọkùnrin méjì láti Nuevo León, so ohùn méjì pọ̀ mọ́ àkọ́díọ̀nù. Ọ̀nà orin tí wọ́n ń pè ní norteño dúró nìyẹn.

Àwọn ọ̀tọ̀kùlú kò fojú rere wò ó. Mariachi ni tiwọn, àwọn onífáolíìnì àti onífèrè tó wọ aṣọ bọ́tìnì fàdákà. Rédíò XEW tó bẹ̀rẹ̀ ní Mexico City ní 1930 gbé mariachi dé gbogbo ilé, sinimá gbé e dé òkè òkun, ó sì di àmì orílẹ̀-èdè. Àkọ́díọ̀nù kù sọ́wọ́ alágbàṣe, awakọ̀ akẹ́rù àti àwọn tí kò níwèé ìgbélùú.

Ọ̀dọ̀ irú wọn ni àwọn ọmọ Hernández ti wá, láti Rosa Morada, abúlé kan ní Sinaloa. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n ti ń kọrin wá oúnjẹ fún ìdílé wọn. Ní 1968 wọ́n kọjá sí California láti lọ ṣeré. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibodè ló pè wọ́n ní ọmọ ẹkùn. Wọ́n gba orúkọ náà, wọ́n di Los Tigres del Norte, Ẹkùn Àríwá. Wọ́n kọrin fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ọmọ Mẹ́síkò ní Soledad, wọ́n fìdí kalẹ̀ sí San Jose. Orin igbó inú táyà tí mo fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí Ángel González ṣe, ló gbé orúkọ wọn jáde láàrin àwọn ọdún 1970.

Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n orin tí mo fẹ́ràn jù nínú tiwọn ni èyí tí Enrique Franco ṣe fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ àgò wúrà. Bàbá kan wọ Amẹ́ríkà láìníwèé. Ó ríṣẹ́, ó rówó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè fi gbogbo ara jáde sí títì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé èdè rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ bá a padà sílé. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ta ni yóò wá sọ ọ́ fún ẹni tí ilé rẹ̀ ti pín sí méjì? Ní 1986, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fún ènìyàn bíi 2,700,000 ní ìwé ìgbélùú. Kí òfin náà tó dé, orin ti sọ ohun tó wà nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Ní oṣù kẹrin 1988, wọ́n yìnbọn pa Héctor Félix Miranda, oníròyìn tó ń tú àṣírí àwọn alágbára ní Tijuana. Los Tigres fi ikú rẹ̀ kọrin nínú àwo tí wọ́n gbé jáde ní 1989. Wọ́n pa oníròyìn, olórin gba ìròyìn náà ṣe. Ẹnu tí mo pè ní ẹnu aláìní agbẹnusọ nìyẹn.

Ó ku apá kejì, òun ló sì le. Chalino Sánchez, ọmọ Sinaloa kan náà, wọ Amẹ́ríkà ní ọ̀dọ́. Ó ṣẹ̀wọ̀n ní Tijuana, níbẹ̀ ló ti ń ṣe orin fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe jáde ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun tàbí ti òkú ẹbí òun lórin, kó mú owó wá, tàbí aago ọwọ́, tàbí ìbọn. Ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì, ó ń tà á lọ́jà. Ohùn rẹ̀ kò dán, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre, torí ohùn ará oko bíi tiwọn ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò wọ ìwé ìròyìn rí gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì. N kò lè pe gbogbo rẹ̀ ní ibi. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ bá ti di ọjà, ẹni tó lówó jù ni yóò rà á jù. Ní àkókò yẹn, ní Sinaloa, àwọn oníṣòwò oògùn olóró ló sì lówó jù.

Ní oṣù kìíní 1992, ẹnì kan yìnbọn lu Chalino lórí ìtàgé ní Coachella, òun náà fa ìbọn yọ, ó yìn ín padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó lọ ṣeré ní Culiacán. Wọ́n fún un ní ìwé péńpé kan lórí ìtàgé, ó kà á, ó ń kọrin lọ. Lẹ́yìn eré, àwọn tó pe ara wọn ní ọlọ́pàá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú rẹ̀ lẹ́bàá ipadò. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wá ń kọrin bíi tirẹ̀.

Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Valentín Elizalde ṣeré ní Reynosa ní oṣù kọkànlá 2006, wọ́n yìnbọn pa á bó ṣe ń kúrò níbẹ̀. Ẹ má rò pé àwọn tó yin ọ̀daràn nìkan ló kú o. Ní oṣù kìíní 2013, àwọn apààyàn kó ẹgbẹ́ Kombo Kolombia kúrò níbi eré ní Nuevo León, ènìyàn 17 ni wọ́n pa tí wọ́n jù sínú kànga. Orin ijó àti orin ìfẹ́ lásán ni wọ́n ń kọ. Ní oṣù karùn-ún 2025, àwọn márùn-ún nínú Grupo Fugitivo lọ ṣeré ní Reynosa, òkú wọn ni wọ́n rí. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, olórin kò lè sọ pé òun kò ní lọ, kò sì lè sọ pé òun yóò lọ.

Ìjọba ti gbìyànjú òfin. Ìlú Chihuahua lé Los Tigres pàápàá kúrò lórí ìtàgé wọn ní 2012, nítorí orin oníṣòwò oògùn tí wọ́n kọ. Ní 2025 ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tún fòfin dè é. Ààrẹ Claudia Sheinbaum ní òun kò fẹ́ fòfin de orin, ó dá ìdíje sílẹ̀ fún orin tí kò gbé ìwà ipá ga.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Texcoco ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, níbi àríyá ọdún ẹṣin wọn. Luis R. Conriquez gun orí ìtàgé, ó ní òfin ti dé, òun kò ní kọ orin ọ̀daràn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe ọ̀daràn ló dáhùn. Àwọn tó rowó ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọlúàbí bí èmi àti ẹ̀yin, ni wọ́n hó lé e lórí, tí wọ́n ju nǹkan lù ú, tí wọ́n ya wọ orí ìtàgé, tí wọ́n sì fọ́ àwọn ohun èlò orin rẹ̀ túútúú.

Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni ìbéèrè mi yí padà lọ́kàn mi. Mo ti ń bi ara mi pé ṣé aláìní agbẹnusọ ló ni ẹnu olórin ni, àbí olówó. N kò ka ẹ̀kẹta mọ́ ọn, òun sì ni èmi tí mo jókòó, tí mo ń mi orí, tí ẹsẹ̀ mi ń jó kí n tó mọ ẹni tí wọ́n pa. Àkọ́díọ̀nù kan náà ló sunkún fún Cortez, tó bá bàbá inú àgò wúrà kẹ́dùn, tó sì yin ẹni tó ń sọ ènìyàn sínú kànga. Èyí tí àwa bá ń sanwó fún ni wọn yóò máa kọ fún wa.