Ọjọ́ tí Bachendri Pal dé ṣóńṣó Everest

Aago 4 àárọ̀, ọjọ́ 23, oṣù Karùn-ún, ọdún 1984. South Col ni ẹgbẹ́ apọ́nkè náà pàgọ́ sí, níbi tí òkè Everest ti tẹ́jú díẹ̀ kó tó tún máa ga lọ, ní nǹkan bí 7,900 mítà. Bachendri Pal ti jí. Ó yọ́ yìnyín lórí sítóòfù, ó fi po tíì, ó sì jẹ bísíkíìtì díẹ̀ àti ààbọ̀ ṣokoléètì. Ọ̀la ni yóò pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́. Abúlé Nakuri ni wọ́n bí i sí, lágbègbè Uttarkashi ní àríwá Íńdíà, nínú ilé tí owó kò ti pọ̀. Ó kàwé títí ó fi gba B.Ed., ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ ìwé rẹ̀ kò jáde. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀? Ó bá kọrí sí ilé ẹ̀kọ́ ìpọ́nkè ti Nehru, ní Uttarkashi níbẹ̀.

Aago 5 ààbọ̀. Ang Dorje nìkan ló bá níta. Ọmọ Sherpa yìí kì í lo ọ́síjìn inú sílíńdà. Bí ó bá sùn lókè, òtútù á mú un lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ lọ kó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó sì bi Bachendri bóyá yóò bá òun lọ. Àwọn yòókù kò tíì múra. Bachendri ní òun á lọ.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú, ní aago 12 ààbọ̀ òru, òkìtì yìnyín ya lulẹ̀ bo àgọ́ wọn ní ibùdó kẹta. Nǹkan líle kan gbá Bachendri lẹ́yìn orí, yìnyín sì bò ó mọ́lẹ̀. Lopsang, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ló fi ọ̀bẹ ya àgọ́, tó fà á jáde. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Òun dúró.

Aago 6 kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n gbéra láìso okùn mọ́ra. Yìnyín ibẹ̀ le, ó sì ń fọ́ bí abala díńgí. Àfi kí wọ́n ta á nípàá gan-an kí irin eléyìín ìsàlẹ̀ bàtà tó lè wọlé. Ang Dorje kò dẹ ẹsẹ̀, Bachendri náà kò dẹ ẹsẹ̀.

Kó tó pé wákàtí méjì, wọ́n ti dé ibùdó tó gbẹ̀yìn. Ang Dorje bojú wẹ̀yìn, ó bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá. Ẹnu ya ọkùnrin náà, inú rẹ̀ sì dùn: wákàtí mẹ́rin ni àwọn tó ṣáájú wọn fi rin ìrìn yẹn. Ó ní bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, aago kan ọ̀sán á bá wọn lókè. Lójú tèmi, ibí yìí ni iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Láti ìgbà yẹn, Bachendri kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ mọ́, ẹlẹgbẹ́ ni.

Lhatoo, ọmọ ẹgbẹ́ wọn mìíràn, lé wọn bá pẹ̀lú okùn. Òun ló ṣàkíyèsí pé lítà méjì ààbọ̀ ọ́síjìn ni Bachendri ń fà ní ìṣẹ́jú kan, dípò mẹ́rin. Ó yí i sókè fún un.

Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú méje. Kò sí òkè mọ́ níwájú. Ibẹ̀ kò gba ẹni méjì dáadáa, ọ̀gbun sì wà lọ́tùn-ún lósì; wọ́n kọ́kọ́ fi àáké gbẹ́ yìnyín kí ẹsẹ̀ lè rí ibi dúró. Obìnrin Íńdíà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan yìnyín, ó fi aṣọ pupa di àwòrán òrìṣà Durga àti ìwé àdúrà Hanuman Chalisa, ó sì rì wọ́n mọ́ ibẹ̀. Ó rántí bàbá àti ìyá rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún Ang Dorje.

Ó ṣa òkúta díẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Ní aago 2 ku ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́ bá wọn ní South Col.

Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Tata Steel dá ibùdó ẹ̀kọ́ ìpọ́nkè sílẹ̀ ní Jamshedpur, Bachendri sì ni olórí rẹ̀ títí di 2019. Ní 1993, ó kó àwọn obìnrin Íńdíà àti Nepal lọ sí Everest. Méje nínú wọn dé ṣóńṣó, títí kan Santosh Yadav, tó ti gùn ún lọ́dún kan ṣáájú.