Ọ̀já Ìkookò: Orúkọ Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Nínú Ilé

Ọ̀já ìkookò jẹ́ ewéko tí kò ní ẹ̀ka. Láti inú ilẹ̀ gan-an ni ewé rẹ̀ ti ń jáde, ewé náà nípọn, ó gùn bí idà, ó sì dúró ṣánṣán. Àwọn ìlà tí kò dọ́gba, tí ó dà bí eérú, dábùú àwọ̀ ewé dúdú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní pàṣán kòríkò. Lédè Faransé, sansevière ni ó ń jẹ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n langue de belle-mère ni ó ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ìyẹn ni ahọ́n àna. (Faransé kò ya ìyá ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyá ìyàwó, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè sọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n ń bú.) Ní Savalou àti ní Bantè, ẹ ó rí i nínú ìkòkò amọ̀, nínú agolo àlòkù, nínú táyà tí wọ́n gé sí méjì níwájú ọ́fíìsì àti ilé ìtura. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ó jẹ́ ti igbó sì wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti gbìn ín sínú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà

Nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe kan ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ akọ̀wé, mo bá káàdì kan tí a kọ “oja ikoko” sí láìfi àmì ohùn kankan sí i. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé kọ marché aux pots síwájú rẹ̀, ó sì fi káàdì náà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ajé pẹ̀lú àwọn ọjà ìlú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni ewéko kan fi jókòó sí àárín àwọn ọjà. N kò dá ẹni náà lẹ́bi, nítorí bí a bá yọ àmì ohùn kúrò, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà ka ọ̀rọ̀ yìí: ọjà ìkòkò, níbi tí a ti ń ta ìkòkò, ọ̀já ìkókó, tí a fi ń pọn ọmọ tuntun, àti ọ̀já ìkookò. Ìkẹta ni ó tọ̀nà. Orúkọ kejì, pàṣán kòríkò, ni ó jẹ́rìí sí i, torí ẹranko kan náà ni àwọn baba wa ń pè ní kòríkò àti ìkookò.

Ẹranko wo nìyẹn? Àwọn tí ó ka Bíbélì Yorùbá mọ ìkookò gẹ́gẹ́ bí ẹranko tí Faransé ń pè ní loup. Loup kò sí ní igbó wa. Ẹranko tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ ni èyí tí Faransé ń pè ní hyène, tí ara rẹ̀ ní tóótòòtó. Bí ẹ bá wo ewé náà dáadáa, tí ẹ wo gígùn rẹ̀ àti tóótòòtó ara rẹ̀, ẹ ó rí ìdí tí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ fi rò pé bí ìkookò bá fẹ́ pọn ọmọ, ọ̀já tí yóò lò nìyí. Lójú tèmi, ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Bí a bá lu ewé náà, tí a fi omi fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, okùn funfun tí ó le ni ó ń kù. Àwọn ènìyàn Áfíríkà fi irú okùn bẹ́ẹ̀ so nǹkan, wọ́n sì fi ṣe ọsán ọrun; orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti pẹ́ fún ewéko náà mẹ́nu ba ọsán ọrun yìí. Ọ̀já àti pàṣán, ohun tí a fi ń di nǹkan àti ohun tí a fi ń na nǹkan, kò ṣàjèjì sí ewé tí ó ní okùn nínú.

Kí àwọn olùwádìí kíyè sí i pé ewéko méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan yìí. Èyí tí ó jẹ́ ti igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Sansevieria liberica. Ewé rẹ̀ fẹ̀, etí ewé náà sì le, ó ní ìlà tín-ín-rín tí ó pọ́n rúsúrúsú. Ìkejì, Sansevieria trifasciata, ni ó pọ̀ jù nínú ìkòkò níwájú ilé. Ilẹ̀ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Nàìjíríà lọ sí Kóńgò, ọgbà àti ọjà òdòdó ni ó sì gbé e káàkiri ayé. Ọdún 1903 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn. Èyí tí etí rẹ̀ pọ́n bí ẹyin adìyẹ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yà trifasciata. Laurentii ni wọ́n ń pè é, láti Kóńgò ni ó sì ti wá. Ẹni tí ó bá ń gba ìmọ̀ ewé sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, tí ó sì kọ trifasciata sí ibi tí àgbà náà ti ń sọ nípa ewé igbó, ti gbé ọ̀rọ̀ ewéko kan sórí òmíràn. Ìwé Flore Analytique du Bénin, tí ó jáde ní 2006, wúlò fún yíyẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 2017 tí ó dùn mọ́ mi. Àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Sansevieria kò yàtọ̀ tó láti dá dúró, wọ́n sì da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ìdílé Dracaena. Nítorí náà orúkọ tí ó wà nínú ìwé tuntun ni Dracaena trifasciata àti Dracaena liberica. Ta ni ó ti wà nínú ìdílé Dracaena tẹ́lẹ̀? Pèrègún ni, tí ìwé ń pè ní Dracaena fragrans, igi tí ojúbọ Ògún kì í sábà ṣaláìní. Ọ̀já ìkookò di àbúrò pèrègún nínú ìwé wọn. Ní Brazil sì rèé, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lọ sí òkèèrè ti fi ewé yìí fún Ògún láti ọjọ́ pípẹ́. Espada-de-São-Jorge ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, idà São Jorge, ẹni mímọ́ tí àwọn ará Rio de Janeiro fi ṣe Ògún, tí ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀ jẹ́ 23 oṣù Kẹrin. Èyí tí etí rẹ̀ pọ́n, ti Iansã ni, Ọya tiwa. Wọ́n máa ń gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà ilé.

Ìtọ́jú rẹ̀

Mo pa èyí àkọ́kọ́ tí mo ní. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mo sì ń bomi rin ín ní àràárọ̀ bí ẹni tí ó ń tọ́jú ẹ̀fọ́. Láàárín oṣù méjì, ìdí ewé rẹ̀ rọ̀, ó ń rùn, ó sì wó lulẹ̀. Omi ni ó ń pa ọ̀pọ̀ jù nínú ọ̀já ìkookò tí ó ń kú nínú ilé, bí ọ̀dá bá tilẹ̀ ń pa àwọn ewéko mìíràn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Inú ewé nípọn nítorí omi ni ó kó pamọ́ sí. Lábẹ́ ilẹ̀, ó ní ìtàkùn sísanra kan tí ó dà bí atalẹ̀, èyí náà sì ń pa omi mọ́. Lẹ́yìn èyí, ewéko púpọ̀ ni ó ń ṣí ihò wẹ́wẹ́ ara ewé wọn lọ́sàn-án láti mí, oòrùn sì ń fa omi wọn jáde láti ibẹ̀. Ọ̀já ìkookò ń ti ihò tirẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń ṣí i lóru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ewéko tí kì í ná omi kò nílò kí a máa fún un ní omi lójoojúmọ́.

Ẹ ti ìka bọ inú ilẹ̀ ìkòkò náà títí dé oríkèé kejì. Bí ìka bá bá òtútù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i títí omi yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tí ó kù nínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù. Ní agbègbè wa, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta tí ooru mú, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ní oṣù Kẹjọ, tí òjò ń rọ̀, tí ojú ọ̀run ṣú, èyí tí ó wà nínú ilé lè lo oṣù kan kí ó má bèèrè omi. Ẹni tí ó ń gbé Cotonou, tí ó wá sílé fún ọdún iṣu ní Savalou ní 15 oṣù Kẹjọ, tí ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dúró, kò nílò láti fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ará ilé kejì nítorí ewéko yìí. Ìdí kan tí mo fi ń gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nímọ̀ràn láti gbìn ín nìyẹn.

Ìkòkò amọ̀ dára ju ike lọ, nítorí ara rẹ̀ ń mí, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì ń tètè gbẹ. Ohunkóhun tí ẹ bá lò, ó gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀. Ẹ fi ìṣó lu agolo ní ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìkòkò náà kò gbọdọ̀ tóbi ju ìdí ewéko lọ púpọ̀, torí ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò dé ni omi ń jókòó sí. Ẹ po yanrìn àti ilẹ̀ dúdú pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ìtàkùn rẹ̀ lágbára débi pé ó lè fọ́ ìkòkò nígbà tí àyè kò bá gbà á mọ́. Bí ẹ bá rí ìlà tí ó ń là lára ìkòkò, àsìkò pípín ti dé.

Ó lè gbé nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, àwọn tí ń tà á sì máa ń fi èyí yangàn. Òótọ́ ni pé kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà náà. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé èyí tí ó ti pẹ́ nínú yàrá bọ́ sí oòrùn ọ̀sán, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewé rẹ̀ yóò jóná ní ojú kan, àpá náà kì í sì í lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa a máa bo ewé. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ má fi òróró pa á kí ó lè dán.

Bí ìdí rẹ̀ bá ti ń rà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀, ẹ gé gbogbo ibi tí ó rọ̀ kúrò títí ẹ ó fi dé ibi tí ó le, ẹ fi sí òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín sínú yanrìn gbígbẹ. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fún un ní omi.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ lè gé ìtàkùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ewé wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí ẹ gé ewé kan sí ègé tí ó gùn tó ìka ọwọ́, kí ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ yanrìn. Ẹ sàmì sí ìsàlẹ̀, nítorí ègé tí a bá gbìn ní orí kodò kò ní hù. Ó ń gba oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé bí ẹ bá gbin ègé ewé èyí tí etí rẹ̀ pọ́n, àwọn ọmọ tí yóò hù kò ní ní etí pípọ́n mọ́. Ìtàkùn nìkan ni ó ń gbé àwọ̀ náà lọ. Ẹ má bá ẹni tí ó fún yín ní ewé jà.

Àwọn ará wa tí ó wà ní Paris tàbí ní Montréal gbọ́dọ̀ gbé tiwọn wọlé kí òtútù tó dé. Kò fẹ́ kí ooru yàrá sọ̀ kalẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lọ.

Ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀ tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Wọ́n ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí NASA tí B. C. Wolverton ṣe ní 1989 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ewéko yìí wà lára àwọn tí wọ́n dán wò, ó sì mú lára àwọn kẹ́míkà olóró kúrò, ṣùgbọ́n inú àpótí kékeré tí a sé pa ni. Ní 2019, Cummings àti Waring ṣe ìṣirò àwọn ìwádìí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé kí ewéko tó lè ṣe tó ohun tí afẹ́fẹ́ tí ń ti ìta wọ inú ilé ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó mẹ́wàá sí ẹgbẹ̀rún kan nínú ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó. Ẹ gbìn ín nítorí ẹwà rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Ọ̀pọ̀ ibi ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń fún oje ewé náà sí etí tí ń dunni. Ó tọ́ kí a kọ èyí sílẹ̀ nítorí ìmọ̀ àwọn àgbà ni, ẹgbẹ́ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kíkọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe pé a ní kí ẹ ṣe é. Bí awọ inú etí ọmọ bá ti lu, ohunkóhun tí a bá kán sí i lè ba etí náà jẹ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ewé náà ní èròjà kan tí ń hó bí ọṣẹ, tí ó ń mú kí ènìyàn bì tí ó bá jẹ ẹ́, ó sì burú fún ajá àti ológbò. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tí ń rá kò dé.

Nípa èyí tí ó wà nínú igbó: bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbìn ín sílé, kí ó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ibẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ igbó òrìṣà. Kí ó gé ìtàkùn kan péré tí ewé méjì wà lórí rẹ̀, kí ó bo ilẹ̀ padà. Kí ó ya àwòrán rẹ̀ ní ibi tí ó ti hù, kí etí ewé hàn nínú àwòrán náà, kí ó kọ orúkọ abúlé àti orúkọ tí wọ́n pè é níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn.