Ta Ni Olùṣọ́ Ìlú Ńjíhìn Fún? Ìtàn kan láti Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Emùré

Ìlẹ̀kùn onígi kan wà ní British Museum ní ìlú London, tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀. Ààfin Ògògà ti Ìkéré ni ó gbẹ́ ẹ fún, láàrin ọdún 1910 sí 1914. Li ọdún 1924 ni a gbé e lọ sí ibi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn òyìnbó rí i, ó wù wọ́n, nwọ́n sì fẹ́ kí ó di tiwọn. Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni ó fi í ṣe: ìtẹ́ kan tí a kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn sí ipò èyítí ó lọ.

Àwòrán tí ó wà lára ìlẹ̀kùn náà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Bí Ògògà ti gba Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, li àlejò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ó fi hàn. Ní apá kan ni ọba wà nínú ògo rẹ̀. Ní apá kejì ni òyìnbó ńbọ̀, tí àwọn ènìà fi àga gbé e, tí àwọn aláàárù sì ńtẹ̀lé e. Ẹnití ó bá wò ó fìrí yóò sọ pé àlejò ni ó wá kí ọba. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wẹ̀ tìkárarẹ̀ ti ṣe ìránṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, èmi kò sì rò pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí ó ńgbẹ́. Láti ọjọ́ tí a gbé àlejò náà wọlé ni ẹni tí ó di ohun ìjà mú nítorí àlàáfíà ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ojú sí ibòmíràn.

Kí ìgbà náà tó dé, olúkúlùkù ìlú Èkìtì ní ìṣọ́ tirẹ̀. Ìtàn tí a ńsọ ní Ìkéré ni pé ọdẹ ni Ògògà èkíní, ọmọ ọba tí ó ti Benin wá, tí ó sì bá Olúkéré ní ìdí òkè Olósùnta. (Ìjà ipò tí ó wà láàrin ilé méjèèjì kì í ṣe ti ìwé yìí, èmi kò sì ní ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.) Àwọn ìjòyè tí a ńpè ní Ìhàrè ńbá ọba dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, àwọn Ẹlẹ́gbẹ́ ńkó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ogun, àwọn ẹmẹ̀sẹ̀ ńjẹ́ iṣẹ́ ọba, àwọn ọdẹ sì ńṣọ́ igbó àti ibodè li òru. Ọdẹ tí ó bá sùn ní ìdí iṣẹ́ mọ̀ pé ilé ìyá òun ni ọ̀tá lè kọ́kọ́ wọ̀. Ọba tí ó bá sì sọ agbára ìlú di ti ara rẹ̀ mọ̀ pé àwọn ìjòyè lè kọ ẹ̀hìn sí ààfin, kí ọjọ́ sì pé tí kò ní rí ẹni tí yóò kí i ní káábíyèsí.

Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ńwí pé kò sí àbùkù nínú aiyé àtijọ́. Ẹni tí ó ní ìdílé ni ìṣọ́ yìí ṣọ́. Ẹrú kò ní alágbàwí, àlejò pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ní, àwọn ọmọ ogun tí ńgbèjà ìlú kan sì ni nwọ́n ńkó ọmọ ìlú kejì lọ tà.

Nígbàtí Ìbàdàn tẹ ilẹ̀ Èkìtì lórí ba, a rí irú olùṣọ́ mìíràn. Ajẹ́lẹ̀ ni a ńpè é. Nwọ́n ní ó wá láti mú ìlú dúró jẹ́ẹ́ àti láti gba ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ mbẹ ní Ìbàdàn, ìlú tí ó sì ńbọ́ ọ kò lè bi í léèrè ohunkóhun. Ó jẹ ewúrẹ́ ẹni, ó fi ọwọ́ kan aya ẹni, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí a lè pè é sí. Li ọdún 1878 ni Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, Èkìtì parapọ̀ pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà, ogun Kírìjí sì bẹ̀rẹ̀. Ìwé àdéhùn ti 23 September 1886 fi òmìnira fún Èkìtì kúrò lábẹ́ Ìbàdàn.

Nígbàtí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì wá dé, orúkọ wo ni àwọn baba wa fi pe òyìnbó tí a fi ṣe olórí agbègbè? Ajẹ́lẹ̀ náà ni. Nwọn kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn kiri.

Òfin ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ jáde li ọdún 1901, ètò ti Lugard sì tẹ̀lé e. Ó dàbí ẹnipé a gbé ọba ga: ilé ẹjọ́ di tirẹ̀, owó orí ńgba ọwọ́ rẹ̀, a sì fún un ní akóda tí ó wọ aṣọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá kọ ọba, tí ajẹ́lẹ̀ fẹ́ ẹ, ó lè jókòó. Bí ìlú bá fẹ́ ẹ, tí ajẹ́lẹ̀ kọ̀ ọ́, ìtẹ́ rẹ̀ kò dúró. Nítorínáà ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ ni ọba ńwò. Akóda sì ńwo ojú ọba. Ní àkókò owó orí, àwọn tí a ní kí ó máa ṣọ́ ni ńsá fún un wọ inú oko.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn li ọdún 1952 fẹ́ tún èyí ṣe. Àwọn tí ará-ìlú dìbò yàn wọ inú ìgbìmọ̀, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ sì wà lábẹ́ wọn. Ó yẹ kí ó dára. Kò dára tó, nítorítí ẹgbẹ́ òṣèlú sọ ọlọ́pàá náà di pàṣán. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 1962 títí dé ìbò October 1965 tí ó dá iná sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìà ní Ìwọ̀-Oòrùn ni a mú nítorí ẹgbẹ́ tí nwọ́n ńṣe, kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní January 1966, a gbá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ kúrò, a sì fi àwọn tí ó kù kún ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀. Díẹ̀ ni ó sunkún wọn.

Ibi tí a bá ara wa nìyẹn. Ìwé òfin ìpilẹ̀ ti 1999, ní ìpín 214, sọ pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Ìpín 215 sọ pé gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kọmíṣánnà náà lè ní kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí iwájú ààrẹ. A ńpè gómìnà ní olórí ètò ààbò. Òfin sì dè é li ọwọ́ kan.

Ní ọjọ́ Ajé, 29 January 2024, ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ńkó àwọn ọmọ kéékèèké láti Emùré lọ sí ilé wọn ní Eporo. Ọ̀nà oko ni, kò gùn, ọ̀nà tí ìyá máa ńjẹ́ kí ọmọ gbà láìfi ọkàn sí i. Àwọn agbébọn jáde láti inú igbó, nwọ́n sì kó ọmọ márùn-ún, olùkọ́ mẹ́ta àti awakọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan náà, ní ìhà àríwá Èkìtì, a pa ọba ìlú Ìmòjò àti ọba ìlú Ẹ̀sùn lójú ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́fà ni Emùré fi wà láìsùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, 4 February, àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ padà. Awakọ̀ kò padà. Nwọ́n ti pa á.

Ní ọjọ́ mẹ́fà náà, ta ni ìyá ọmọ kan ní Eporo lè lọ bá, kí ó sì wí pé, "Ìwọ ni a fi ṣọ́ ọ̀nà yìí, dá mi lóhùn"? Elémùré kò ní ọlọ́pàá. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kò ní. Gómìnà ní ìdajì. Ẹni tí ó ní gbogbo rẹ̀ mbẹ ní Àbújá, àwọn ará Eporo kò sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ní 9 January 2020 ni gómìnà mẹ́fà ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi kéde pé kò bá òfin mu. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìà sí i, ṣùgbọ́n èmi kò lè sọ pé àtakò náà kò ní èrè kankan: òun ni ó mú kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe òfin ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀, Èkìtì pẹ̀lú, li ọdún 2020 kan náà. Ohun ìjà láìsí òfin ni ajẹ́lẹ̀ ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ tí ó mọ igbó wọ inú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tí nwọ́n bá mú, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí nwọ́n fà á lọ. Lẹ́yìn tí a pa àwọn olùjọ́sìn ní ilé ìjọsìn kan ní Ọ̀wọ̀ ní 5 June 2022, Gómìnà Akérédolú ti Òndó bèèrè ìdí tí a kò fi jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tí ó tó ti àwọn ọ̀tá. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní ìbọn, èmi yóò bèèrè èkejì: ta ni yóò ka ọta náà nígbàtí ó bá ti oko dé?

Ní 15 February 2024, ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Emùré padà, ààrẹ àti àwọn gómìnà jókòó ní Àbújá, nwọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí dídá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Èmi fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọdún 1965 ńdá mi dúró. Bí gómìnà nìkan bá ńyan olórí rẹ̀, tí òun nìkan sì lè yọ ọ́, akóda ni yóò dà. Owó ètò ààbò tí àwọn gómìnà ńná ní oṣooṣù kì í sì í ní ìwé ìṣirò tí ará-ìlú lè kà. Ọlọ́pàá tí a bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ bọ́, ẹni tí ó bọ́ ọ ni yóò máa gbọ́ tirẹ̀. Kí adájọ́ tí kò sí lábẹ́ gómìnà wà, tí ẹni tí a mú lè kígbe sí. Kí a kọ sínú òfin pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá jẹ́ olórí wọn ní agbègbè kọ̀ọ̀kan yóò wá sí gbọ̀ngàn ìlú li ẹ̀ẹ̀kan li oṣù, ní Ìkéré, ní Ìsẹ̀, ní Emùré, ní iwájú àwọn ìjòyè, àwọn obìnrin ọjà, àwọn olùkọ́ àti àwọn awakọ̀, kí ó sọ ẹni tí a mú, ibi tí ó wà, iye ọjọ́ tí ó ti lò níbẹ̀, àti ọ̀nà tí a kò tíì lè ṣọ́.