Ohun tí a fi ń so eegun ọrùn pọ̀: èwo ni ó yẹ aláìsàn yín?

Kí ni iṣẹ́ abẹ yìí?

Eegun méje ni ó wà ní ọrùn. Láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìtìmùtìmù rírọ̀ wà, èyí tí a ń pè ní dísìkì. Bí dísìkì bá yọ síta, ó lè tẹ okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí iṣan tí ó lọ sí apá. Oníṣẹ́ abẹ a máa gba iwájú ọrùn yọ ọ́, a sì fi nǹkan dí àlàfo náà kí eegun méjèèjì lè so di ọ̀kan. Robinson àti Smith ṣàlàyé ìlànà yìí ní Amẹ́ríkà ní 1955.

Kí ni a lè fi dí àlàfo náà?

• Eegun ìbàdí aláìsàn fúnra rẹ̀: ara kì í kọ̀ ọ́, a kò sì ní rà á. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ yóò di méjì, ìrora ìbàdí sì lè pẹ́.

• Eegun olóògbé tí a ti tọ́jú: kò sí ọgbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó so.

• Àgò titanium: eegun a máa lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó le ju eegun lọ, ó lè rì sínú eegun tí kò lágbára, ó sì ń ṣíji bo àwòrán X-ray.

• Àgò PEEK: ike ni, líle rẹ̀ sì súnmọ́ ti eegun. X-ray ń kọjá lára rẹ̀, a sì lè rí i bí eegun bá ń so. Ṣùgbọ́n eegun kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ike náà. Eegun tí a kó sínú ihò rẹ̀ ni yóò so.

A lè fi pátákó irin àti síkúrù kún un, pàápàá bí dísìkì tí a yọ bá ju ẹyọ kan lọ. Ó ń mú ọrùn dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ó lè mú kí oúnjẹ ṣòro láti gbé mì.

Èwo ni ó dára jùlọ?

Kò sí èyí tí ó dára jùlọ fún gbogbo ènìyàn. Irin kàn ń di ọrùn mú títí eegun yóò fi so ni. Aláìsàn tí ó ń mu sìgá lè ba iṣẹ́ irin olówó iyebíye jẹ́. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ léèrè: kí ni ẹ ó lò, kí ló dé, èló ni? Ẹ tọ́jú ìwé àlẹ̀mọ́ ara páálí rẹ̀ sínú ìwé aláìsàn.

Àmì ewu

Ní oṣù Keje ọdún 2008, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rhBMP-2, oògùn tí ń mú eegun hù, nígbà tí a bá lò ó ní ọrùn: ó lè mú ọ̀fun wú débi tí èémí yóò dí, pàápàá láàárín ọjọ́ 2 sí 14. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn sínú ọgbẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mamini àti ní Bouaké yòókù, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ènìyàn yín ní Abidjan, tí ọrùn rẹ̀ wú, tí èémí rẹ̀ ń há, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, ẹ má ṣe wá ọkọ̀ Abidjan: ìrìn nǹkan bí 350 kìlómítà ni. Ẹ gbé e lọ sí CHU Bouaké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọrùn náà.